Bí ìfẹ́ àti ìlépa apààyàn ṣe ń wọnú ara wọn nínú ìwé ìtàn

Ìbéèrè méjì ló ń fa òǹkàwé lọ nínú irú ìwé yìí: ta ló ń pa àwọn èèyàn wọ̀nyí, ṣé àwọn méjì tó ń wá a á sì lè fọkàn tán ara wọn? Ìwé tó bá dáhùn ọ̀kan láì fọwọ́ kan èkejì, ìwé méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀.

Iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó ń fi ìwà ọ̀daràn wá a ló ń so ìbéèrè méjèèjì pọ̀. Ní 1972 ni FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, dá ẹ̀ka tó ń wo ìwà ọ̀daràn sílẹ̀. Nígbà tó yá, òṣìṣẹ́ wọn wọ ẹ̀wọ̀n lọ fọ̀rọ̀ wá apààyàn 36 lẹ́nu wò. Irú èèyàn tí ọ̀daràn jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá, kí wọ́n tó dé orí orúkọ.

Ká ní Ṣàgámù ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Awakọ̀ kan ń gbé èrò lóru ní oríta ńlá ibẹ̀. Wọ́n wá ń rí òkú obìnrin lẹ́bàá ọ̀nà, gèlè oníkálukú wà lábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n ká a sí mẹ́rin, ó gún régé. Gbígbé èrò, ọgbọ́n iṣẹ́ lásán ni: bí ọlọ́pàá bá pọ̀ lójú títì, ó lè pa ọkọ̀ tì kó gun ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n gèlè kíká kò bá a pààyàn, kò sì bá a sá. Ṣe ló ń fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Ọkàn rẹ̀ ló ń bèèrè rẹ̀, nítorí náà ó ṣòro kó jáwọ́. Gèlè yẹn ló so òkú Ògèrè mọ́ ti Ìjẹ̀bú-Òde.

Wọ́n á tún wo máàpù. David Canter, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní kí wọ́n mú ibi méjì tó jìnnà síra jù lára ibi tí ọ̀daràn ti ṣọṣẹ́, kí wọ́n fa òbìrìkìtì tó kan méjèèjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ibẹ̀ ni ilé ọ̀daràn wà. Oríta Ṣàgámù á da èyí rú. Ọ̀nà Èkó, Ìbàdàn, Bìní àti Abẹ́òkúta ló pàdé níbẹ̀. Apààyàn náà lè má sùn ní Rẹ́mọ rí.

Àṣìṣe bẹ́ẹ̀ dùn fún òǹkọ̀wé, ó sì ń ṣẹlẹ̀ lójú ayé. Ní 2002, nígbà tí ìbọn ń pa èèyàn kiri agbègbè Washington, ọ̀pọ̀ onímọ̀ fura sí òyìnbó kan ṣoṣo. Aláwọ̀ dúdú méjì ni wọ́n mú, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 17.

Àṣìṣe yìí ni ìfẹ́ máa ń gbà wọlé. Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní ọkùnrin tó lé díẹ̀ lógójì ni, ó ní mọ́tò, ó mọ òru. Ní Ìjẹ̀bú, ọjọ́ orí kì í fara pamọ́: lọ́jọ́ kẹta Iléyá, Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu, á wọ aṣọ ẹgbẹ́ jáde sí Ojúde Ọba. Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wò wọ́n lọ, ó rí dókítà tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí òkú, tí ọkàn rẹ̀ ti ń fà sí, láàárín wọn. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nípa apààyàn ló bá dókítà mu.

Àwọn òǹkọ̀wé kan á ti jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé kì í ṣe dókítà ni apààyàn. Èyí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹ̀rù. Ó sàn kí òǹkàwé náà máa fura, kí dókítà sì jẹ́ ẹni tó máa sọ pé bí àwọn tó ń ta gèlè ṣe ń ká a nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yẹn ló máa tọ́ka sí apààyàn, òun náà ló sì máa kó dókítà sí ìjàngbọ̀n, torí ìyá rẹ̀ ń ta gèlè. Kí èyí má pẹ́ ju ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwé lọ, kí obìnrin náà lè ráyè yàn bóyá ó máa fọkàn tán an.