Bí Kọ̀ǹpútà Bá Ń Sáré, Ṣé Kò Ní Kòkòrò Ni?

Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, tí wọ́n sì ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, láti Sábó títí dé ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ó ṣòro kí ènìyàn jókòó fún wákàtí kan kí ó má gbọ́ ọ: “Láptọ́ọ̀pù mi kò ní fáírọ́ọ̀sì, ẹ wò ó bó ṣe ń sáré.” Ìgbàgbọ́ náà kò ṣàdédé wáyé. Nígbà tí fláàṣì ń ti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn fáírọ́ọ̀sì tí ó ń bá a rìn a máa fi ara wọn hàn: wọn a gbé fáìlì pamọ́, wọn a sọ fódà di ṣọ́tíkọ́ọ̀tù, kọ̀ǹpútà a sì máa wọ́ bí ìgbín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ọ pé àìsàn kọ̀ǹpútà kì í fara pamọ́.

Irú kòkòrò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní backdoor, tí èmi yóò máa pè ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ẹni tí ó wà ní ibòmíràn lè máa wọ inú kọ̀ǹpútà ẹlẹ́ni, kí ó sì máa darí rẹ̀ bí ẹni pé òun gan-an ni ó jókòó tì í. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan péré. Bí kọ̀ǹpútà náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, olówó rẹ̀ yóò gbé e lọ fún atúnṣe, ọ̀nà yóò sì dí. Nítorí náà, èrè àjèjì náà ni kí ara kọ̀ǹpútà máa dá ṣáṣá.

Àbúrò kan tí ó wà ní ọdún àṣekágbá gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, láptọ́ọ̀pù ò ṣe nǹkan kan o, ímeèlì mi ni kí ẹ bá mi wò, wọ́n ní ẹnìkan ń wọ̀ ọ́ láti òkè òkun.” Mo bi í pé kí ni ó fi sórí ẹ̀rọ náà kẹ́yìn. SPSS ni, ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà ìwádìí, èyí tí ó fẹ́ fi ṣe orí kẹrin iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti já kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó sì fi ránṣẹ́ sí i. Ìlànà tí ó bá a wá sọ pé kí ó kọ́kọ́ pa áńtífáírọ́ọ̀sì. Ó pa á. Nígbà tí Windows bèèrè bóyá kí òun jẹ́ kí ètò náà fọwọ́ kan inú kọ̀ǹpútà, ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. SPSS náà sì ṣiṣẹ́ dáadáa, èyí gan-an ni kò jẹ́ kí ó fura. N kò lè bá a wí púpọ̀, nítorí èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí.

Irú ohun tí ó ń bá ayédèrú ètò wọlé báyìí ní apá méjì. Ọ̀kan ń gbé inú kọ̀ǹpútà ẹni tí wọ́n tàn, èkejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ń pàṣẹ. Èyí tí ó wọlé yóò kọ́kọ́ wá ibi tí yóò máa sùn: yóò ti ara rẹ̀ sí àárín àwọn ètò tí ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, yóò sì sọ ara rẹ̀ ní orúkọ tí ó jọ ti Windows fúnra rẹ̀, bíi svchost, kí ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò má baà kà á sí àjèjì. Láti ìgbà náà, ó lè ka gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù, títí kan ọ̀rọ̀ aṣínà; ó lè ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, kí ó ṣí kámẹ́rà, kí ó kó fáìlì lọ, tàbí kí ó mú kòkòrò mìíràn wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí kò gba agbára. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn tẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní jẹ dátà tó ti fọ́tò kan ṣoṣo.

Ohun mìíràn tí mo tún máa ń gbọ́ ni pé, “Dátà fóònù ni mò ń lò, ta ni yóò rí mi?” Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fóònù sábà máa ń kó ọ̀pọ̀ oníbàárà sẹ́yìn àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, tí ó fi jẹ́ pé ará òde kò lè dédé kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Back Orifice, ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé àtijọ́, jáde ní 1998, ńṣe ni ó máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 31337, tí yóò máa retí ẹni tí yóò wá kàn án. Irú èyí ni ráúta ń dí lónìí. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ náà padà: inú ilé ni wọ́n ti ń pe òde. Ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra wọn, ètò náà yóò kàn sí kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀, yóò bèèrè bóyá iṣẹ́ wà, yóò sì gba ojú ọ̀nà kan náà tí Chrome ń gbà lọ sí ojú òpó báǹkì, nítorí náà ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni dá a dúró. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rọ̀ náà bá èyí mu wẹ́kú.

Kí ni wọ́n wá fẹ́ rí lára akẹ́kọ̀ọ́? Wọn kì í ṣà á lẹ́ṣà. Ènìyàn lè fi 40 dọ́là péré ra Blackshades, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣí irú ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé bẹ́ẹ̀, kí FBI àti ọlọ́pàá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó kó àwọn tí ń tà á àti àwọn tí ń lò ó ní 2014, nígbà tí ó ti wọ kọ̀ǹpútà tí ó lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Ẹni tí ó ra irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọ̀n ni ó jù sómi. Kọ̀ǹpútà tí kò sí owó nínú rẹ̀ ṣì ṣeé fi ránṣẹ́ ìwé jìbìtì sí ẹlòmíràn, àdírẹ́sì ọmọ Ifẹ̀ ni yóò sì hàn níbẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé wọ́n ti tipasẹ̀ kọ̀ǹpútà tí ń wọ́ mú ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rí. Lóòótọ́ ni. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Microsoft, ṣàkíyèsí pé wíwọlé nípasẹ̀ SSH, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ibòmíràn, ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé nínú xz, ètò kékeré tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ lórí Linux, ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ti ń ṣe, níbi tí ẹnìkan ti fi ohun tí ó ju ọdún méjì lọ wá ojúrere ẹni tí ń tọ́jú ètò náà kí ó tó rí i gbé síbẹ̀. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Láptọ́ọ̀pù tèmi a máa lo ìṣẹ́jú kan gbáko kí Word tó ṣí, n kò sì fura sí ohunkóhun.

Fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni àbúrò náà fi yí àwọn ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà, tí ó sì fi lé gbogbo ẹ̀rọ àjèjì kúrò lórí ímeèlì rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá yí i lórí kọ̀ǹpútà tí olè ń wò, olè ni ó kọ́kọ́ fi tuntun hàn. N kò gbà kí a kàn fi áńtífáírọ́ọ̀sì wẹ láptọ́ọ̀pù náà. Ẹni tí ó ti ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ lè ti ṣí ilẹ̀kùn kejì àti ìkẹta. A kó àwọn ìwé rẹ̀ nìkan sórí dísìkì mìíràn, a kò kó ètò kankan, a pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, a sì fi Windows tí a gbà láti ojú òpó Microsoft sí i. Ní ti orí kẹrin, PSPP, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ tí ó sì ń ka fáìlì SPSS, ni ó fi parí rẹ̀.