Fífi Rúùtà Gé Báfùlù Sọbuwúfà Mọ́tò

Báfùlù ni pákó iwájú àpótí sọbuwúfà (sípíkà tó ń gbé ìró tó rinlẹ̀, ìyẹn béèsì, jáde), ìyẹn èyí tí wọ́n lu ihò roboto sí kí wọ́n tó de sọbuwúfà mọ́ ọn. Kì í kàn ṣe pé ó ń gbé sọbuwúfà dúró o. Tí kóònù, ìyẹn ojú roboto tó ń mì lára sọbuwúfà, bá sún síwájú, ó ń ti afẹ́fẹ́ tó wà níwájú, ó sì tún ń fa ti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ìró iwájú àti ti ẹ̀yìn máa ń lòdì síra wọn, tí wọ́n bá wá ráyè pàdé, wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Béèsì ló máa ń jìyà ẹ̀ jù, torí ìgbì ìró 50 Hz (ìró tó ń mì nígbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) gùn tó nǹkan bíi mítà 7, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ibi tó máa gbà láti ẹ̀yìn kóònù bọ́ síwájú ò tó nǹkan rárá. Sọbuwúfà tí wọ́n bá kàn gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsí àpótí, kóònù ẹ̀ á máa mì jìgìjìgì, àmọ́ béèsì gidi ò ní jáde. Pákó tó ń ya ìró méjèèjì sọ́tọ̀ yìí wá gbọ́dọ̀ le, afẹ́fẹ́ ò sì gbọ́dọ̀ rí ibì kankan jò gbà.

MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lò, èyí tó nípọn 18 mm. Tí sọbuwúfà bá wúwo tàbí tó bá ń ti afẹ́fẹ́ gan-an, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù igi lẹ méjì pọ̀ kó di 36 mm, wọ́n á fi kíláǹpù fún un pinpin títí á fi gbẹ. Plywood tó dáa náà ṣeé lò, ó fúyẹ́ ju MDF lọ, ó sì ń fara da omi jù ú lọ, èyí tó ṣe pàtàkì nínú búùtù tí omi òjò máa ń wọ̀.

Jígísọ̀, ìyẹn ayùn oníná tó ní abẹ tẹ́ẹ́rẹ́, lè gé ihò náà, àmọ́ etí ẹ̀ kì í sábà rí roboto dáadáa. Rúùtà, ìyẹn ẹ̀rọ oníná tó ń fi irin mímú tó ń yí (bíìtì) gbẹ́ igi, ló dáa jù fún un. Wọ́n á so ó mọ́ jíìgì, ìyẹn pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n lu ihò kékeré sí fún ìṣó, wọ́n á wá kan ìṣó yẹn mọ́ àárín gbùngbùn báfùlù kí rúùtà lè máa yí i po. Ìwọ̀n ihò wà nínú ìwé tó bá sọbuwúfà wá, òun ni kí wọ́n tẹ̀lé, torí sọbuwúfà ínṣì 12 méjì lè má gba ihò kan náà. Ká ní ihò 280 mm ni ìwé sọ, ìdajì ẹ̀ jẹ́ 140 mm, ibi tí wọ́n sì máa wọ̀n ọ́n dé ni etí bíìtì tó jìnnà sí ìṣó jù, kì í ṣe àárín bíìtì. Tí bíìtì bá jẹ́ 6 mm, láti ìṣó dé àárín bíìtì á jẹ́ 137 mm. Ẹni tó bá fi àárín bíìtì wọ̀n ọ́n, ihò ẹ̀ á fi 6 mm tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, síkúrúù sì lè má rí igi dì mú mọ́.

Tí wọ́n bá fẹ́ kí etí sọbuwúfà wọlé kó dọ́gba pẹ̀lú ojú pákó, ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbẹ́, kó jìn tó bí fírémù àti fóòmù etí ẹ̀ ṣe nípọn, kí wọ́n tó gé ihò já. Tí ihò bá ti já, àárín tí ìṣó wà ti bọ́ sílẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tí jíìgì máa yí po mọ́. Wọn kì í gé e já lẹ́ẹ̀kan náà: nǹkan bíi 6 mm ní ìpele kọ̀ọ̀kan ti tó, kí rúùtà sì máa lọ bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ. Kó tó di ìpele tó kẹ́yìn, kí wọ́n fi síkúrúù de àárín yẹn mọ́ pákó àlòkù kan lábẹ́, kó má bàa ṣí nídìí kí rúùtà wá fò wọ etí ihò.

Báfùlù onípọn méjì tún nílò kí wọ́n dá etí ihò sí ìdàgẹ̀rẹ̀ lápá ẹ̀yìn kí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lẹ́yìn kóònù lè ráyè, àmọ́ kí wọ́n fi igi tó pọ̀ tó sílẹ̀ níbi tí síkúrúù máa wà. T-nut, ìyẹn nọ́ọ̀tì irin tí wọ́n ń kàn mọ́ ẹ̀yìn pákó kí bóòtù lè wọ inú ẹ̀, dáa ju síkúrúù igi lọ, torí MDF kì í pẹ́ fọ́ sínú tí wọ́n bá ń tú síkúrúù tí wọ́n ń dè é padà.

Eruku iṣẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ṣeré. Àtọdún 1995 ni IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ formaldehyde sì tún wà nínú gọ́ọ̀mù tí wọ́n sábà fi ń ṣe MDF. Ìbòmú N95, awò tó bo ojú àti ohun tí wọ́n fi ń dí etí pọn dandan, kí wọ́n sì yọ wáyà rúùtà kúrò níná kí wọ́n tó pààrọ̀ bíìtì.

Tí wọ́n bá ti de sọbuwúfà mọ́ àpótí tí kò ní ihò èémí (ihò tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ lu sí àwọn àpótí kan kí afẹ́fẹ́ lè máa gbabẹ̀), kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ rọra ti kóònù wọlé kí wọ́n sì tú u sílẹ̀. Tó bá ń padà díẹ̀díẹ̀, ó dí dáadáa. Tó bá já padà wàrà, afẹ́fẹ́ ń jò níbì kan, abẹ́ fírémù sì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò.