Páànù, sìmẹ́ǹtì àti rọ́ọ̀dù: bí iléeṣẹ́ ńlá ṣe yí ilé padà ní Àgbádárìgì

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Màrínà ní Àgbádárìgì, tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society, ẹgbẹ́ ajíhìnrere ìjọ Áńgílíkà) kọ́ parí ní 1845, ni a sábà ń pè ní àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nígbà náà, ọdún 21 péré ni sìmẹ́ǹtì Portland, tí Joseph Aspdin gba ìwé-ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ (pátẹ́ǹtì) lé lórí ní Leeds, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1824. Kò sì tíì sí ẹni tó ń gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí irin inú kọnkéré.

Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé láyé ìgbà yẹn, ẹ̀gbẹ́ ilé náà ni wọ́n sì ti ń wà á. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, bẹẹrẹ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n á fi bò ó. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀. Oúnjẹ àti ẹmu ni owó iṣẹ́. Nígbà tí ọjà iléeṣẹ́ ńlá òkè òkun dé, inú ọkọ̀ ojú omi ni ohun èlò ti ń wá, owó ni wọ́n sì fi ń rà á.

Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín kò lè dúró. Ó máa ń tẹ̀ bí ewé. Ní 1829, Henry Robinson Palmer ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí irin tí wọ́n ká ní gbágungbàgun, èyí tí a ń pè ní páànù. Ẹ ká bébà bí abẹ̀bẹ̀, ẹ gbé e sórí ife méjì, ẹ ó rí i pé ó lè gbé ẹrù. Wọ́n tún ń ri páànù bọ sìǹkì tó ti yọ́, kí ìpẹtà máa jẹ sìǹkì kó tó kan irin. Òrùlé bẹẹrẹ gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ́ dáadáa kí omi lè tètè ṣàn. Páànù kò fi dandan bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ó gbóná, òjò sì ń pariwo lórí rẹ̀, nítorí náà ni àjà fi di dandan.

Sìmẹ́ǹtì ni òkúta ẹfun àti amọ̀ tí wọ́n sun nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,450 °C, tí wọ́n wá lọ̀ kúnná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé gbígbẹ ló ń mú un le. Rárá: omi àti sìmẹ́ǹtì ló ń para pọ̀ di ohun líle, ìdí nìyẹn tí bíríkìlà fi ń bomi sí búlọ́ọ̀kù tuntun. Nígbà tí iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ ní 1960, nílé níbí la ti ń rí sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe òkè òkun nìkan mọ́.

Kọnkéré lè gbé ẹrù, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá nà án, ó máa ń ya. Irin rọ́ọ̀dù kò bẹ̀rù nínà. Joseph Monier, olùtọ́jú ọgbà ará Faransé tó ń ṣe ìkòkò òdòdó, gba ìwé-ẹ̀tọ́ lórí àpapọ̀ méjèèjì ní 1867. Ooru ń fẹ̀ wọ́n bákan náà, wọn kì í ya ara wọn. Abẹ́ dẹ́kìn, ìyẹn ilẹ̀ kọnkéré òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ni ẹrù ń nà, ibẹ̀ ni rọ́ọ̀dù pàtàkì gbọ́dọ̀ wà.

Iyọ̀ ni ọ̀tá àpapọ̀ yìí, Àgbádárìgì sì wà létí òkun. Yanrìn òkun tí a kò fọ̀ ń gbé iyọ̀ dé ara irin. Irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì já kọnkéré sílẹ̀. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ti wa yanrìn kó tó pò ó.