Bí ìdérí ìkòkò àti kẹ́ẹ̀gì ṣe ń dún bí agogo àti ìlù

Ká ní agogo àti gángan mú ohùn kan náà, tó ga bákan náà, tí ìkan ò sì pariwo ju ìkejì lọ, etí ṣì máa yà wọ́n sọ́tọ̀ kíá. Àwọ̀ ohùn lohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ yẹn, ẹnu nìkan ò sì lè ṣàlàyé ẹ̀ tán, àfi kéèyàn kó nǹkan kíṣìnì jáde kó máa lù ú.

Ìró kan kì í dá wá, àwọn ìró tín-ín-rín míì tó ga jù ú lọ máa ń bá a rìn, irin máa ń kó wọn wá rẹpẹtẹ, wọ́n sì máa ń pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ tara awọ kì í pẹ́ kú. Ẹ so okùn mọ́ ìdérí ìkòkò onírin, ẹ gbé e rọ̀, kẹ́ ẹ fi ṣíbí irin gbá etí ẹ̀, á dún gooo. Ẹ wá fi ọmọrogùn gbá ojú ibẹ̀ gan-an, ohùn yẹn á rọ̀, torí igi ò le tó irin, kò sì lè jí àwọn ìró tín-ín-rín yẹn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì di etí ẹ̀ mú, kó! ló máa dún, ó parí.

Ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lèèyàn máa ń ṣì ṣe jù. Wọ́n á rọ ìrẹsì sínú ike omi, ó ń dún ṣàà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìta igbá ni ìlẹ̀kẹ̀ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà, inú ẹ̀ sì ṣófo, ìdí nìyẹn tó fi ń dún gbùm tí wọ́n bá fàtẹ́lẹwọ́ gbá ìdí ẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kékeré tó ṣófo, tí wọ́n so bọ́tìnnì yí ká, ló sún mọ́ ọn jù.

Kẹ́ẹ̀gì ńlá ló dáa fún ìlù. Àárín ẹ̀ ń dún wúwo, igun ẹ̀ ń dún gbẹ. Tó bá ń hó jù, ẹ lẹ aṣọ mọ́ àárín ẹ̀, iṣẹ́ tí ìda ń ṣe lójú ìyá ìlù bàtá náà nìyẹn, ó ń pa ariwo tó ṣẹ́ kù. Àwọn tó ń lu orin rumba ní Kúbà mọ ọgbọ́n àpótí dáadáa, láyé àtijọ́, èyí tí wọ́n fi kó ẹja oníyọ̀ wọ̀lú ni wọ́n máa ń lù fún ohùn ńlá, wọ́n á lu àpótí àbẹ́là fún ohùn tó mú.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi fóònù gbà á sílẹ̀, ẹ má gbé e sórí tábìlì tí kẹ́ẹ̀gì wà o, torí tábìlì náà á gbọ̀n, ohùn tiẹ̀ á wọ inú ẹ̀.