Eré àjọhun: kí ni "devising" tí wọ́n ní kí olùkọ́ dírámà máa kọ́ àwọn ọmọ?

Bí wọ́n bá ní kí olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan ní Àkúrẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ńlá ní dírámà àti tíátà, ohun tó máa kọ́kọ́ béèrè ni pé, "Ìwé wo la máa lò?" Mi ò bá a wí. Ìwé ni WAEC fi tọ́ gbogbo wa: ka eré náà, mọ àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti ẹni tó ń bá wí. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀kọ́ tíátà tó jinlẹ̀, apá kan wà tí kò ní ìwé rárá. Devising ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní eré àjọhun, torí pé àwọn òṣèré ló jọ hun ún fúnra wọn, láti orí òwú títí tó fi di aṣọ.

Nínú eré àjọhun, kò sí òǹkọ̀wé tó ti jókòó kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún á bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun kan ṣoṣo. Ó lè jẹ́ àwòrán, orin, òwe, ìròyìn, tàbí ohun èlò kan lásán. Wọ́n á dìde, wọ́n á fi ara ṣe é, wọ́n á mú èyí tó bá ta, wọ́n á da ìyókù nù, títí eré yóò fi ní orí àti ìdí.

Èyí kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa. Bí ẹgbẹ́ òṣèré Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo ṣe máa ń ṣe é láyé ìgbà yẹn nìyẹn: ọ̀gá á la ìtàn kalẹ̀, á pín ipa, oníkálukú á sì wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i lórí ìtàgé. Bí àwọn òǹwòran bá rẹ́rìn-ín níbì kan lónìí, ibẹ̀ lè gùn sí i ní ìlú tí wọ́n bá tún dé. Ẹni tó bá sọ pé eré tí kò ní ìwé kò lè ní láárí, kó rántí àwọn àgbà wọ̀nyẹn.

Tí mo bá ń dá àwọn olùkọ́ tuntun lẹ́kọ̀ọ́, àpò kòkó òfìfo ni mo máa ń gbé lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà; ilé tí kòkó kò ti rán ọmọ kan lọ sílé ìwé ṣọ̀wọ́n. Màá tẹ́ àpò náà sáàárín yàrá, màá ní kí ẹnikẹ́ni má tíì sọ ìtàn kankan. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè mẹ́ta: Ta ló ni ín? Ibo ni ohun inú rẹ̀ gbà lọ? Ta ni kò gbọdọ̀ mọ̀ pé ó ti ṣófo? Ìbéèrè kẹta ló ń bí eré, torí ibẹ̀ ni àṣírí ti ń wọlé.

Nígbà kan, olùkọ́bìnrin kan dìde, ó ká àpò náà mọ́ abíyá, ó ń yọ́ rìn. Ọkùnrin kan tó ti di bàbá ọkọ rẹ̀ dá a dúró: "Ìyàwó, kí lo gbé dání yẹn?" Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Aṣọ ọmọ ni, Bàbá." Yàrá pa lọ́lọ́. Gbogbo wa ti mọ̀ pé kòkó kan ti wọ ọjà láìjẹ́ pé bàbá gbọ́, a sì ti ń bẹ̀rù fún obìnrin náà, bẹ́ẹ̀ gbólóhùn méjì péré ni wọ́n sọ. Kò sẹ́ni tó kọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún wọn.

Ibí yìí ni olùkọ́ tuntun ti máa ń ṣìṣe, ó sì máa ń dùn mí. Inú rẹ̀ á dùn sí ohun tó rí, á délé, á fi òru kọ ọ̀rọ̀ eré náà tán, á pín in fún àwọn ọmọ láàárọ̀. Eré ti di tirẹ̀ nìyẹn. Ojú ẹsẹ̀ ni wàá rí i tí ara àwọn ọmọ náà máa rọ̀, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í há ọ̀rọ̀ sórí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti bi wọ́n ní ìbéèrè, kó sì pààlà fún wọn: "Ogún ìṣẹ́jú, ìran kan, gbólóhùn mẹ́fà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ọmọ tí o kò pààlà fún á máa jókòó jiyàn títí aago yóò fi lù.

Wọ́n tún máa ń ní kí àwọn ọmọ yan aṣáájú tíátà kan, kí wọ́n fi ọ̀nà rẹ̀ ṣe eré náà. Ẹ jẹ́ ká fi ìyàwó alápò wa wò ó. Lọ́wọ́ Stanislavski, ará Rọ́ṣíà tó kú ní 1938, òṣèré gbọ́dọ̀ mọ ohun tí obìnrin yìí ń wá gan-an: ṣé owó ilé ìwé ni, àbí owó ọkọ̀ tó fẹ́ fi sá lọ? Kó bi ara rẹ̀ pé, "Bó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀ ńkọ́?" Ìkúnlẹ̀ rẹ̀ á yí padà bí ìdáhùn bá ṣe yí padà. Lọ́wọ́ Brecht, ará Jámánì tó kú ní 1956, obìnrin kan náà lè dìde lórí ìkúnlẹ̀, kó kọjú sí àwa òǹwòran, kó bi wá pé ta ló ń bomi rin igi kòkó yìí nígbà tí wọ́n ń gbìn ín, ta sì ni orúkọ rẹ̀ wà lórí ilẹ̀. Brecht kò fẹ́ kí a kàn sunkún lọ sílé. Ó fẹ́ kí a rò ó.

Apá tí àwọn olùkọ́ kì í kà sí ni ìwé àkọsílẹ̀. Nínú A-level Drama and Theatre ti àjọ ìdánwò AQA ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, eré àjọhun kó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Máàkì 60 ló wà fún un: 20 ni ti orí ìtàgé, 40 ni ti ìwé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ nípa bí eré náà ṣe di eré. Ilé ìwé yín lè má ṣe A-level, àmọ́ ẹ wo ibi tí wọ́n gbé ẹrù lé. Nítorí náà, "A ṣe ìdánrawò lónìí, ó dùn" kò ní mú nǹkan kan wá. Olùkọ́bìnrin alápò yẹn ló kọ irú èyí tí mò ń wá: "Mo kọ́kọ́ dá Bàbá lóhùn lórí ìdúró. Nígbà tí mo kúnlẹ̀, àpò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lábíyá mi, gbogbo èèyàn sì mí kanlẹ̀. A ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́la, a ó wò ó bóyá kó bọ́ lóòótọ́."