Ohun tó ń gbé ìwákiri rìn

Nǹkan kan gbọ́dọ̀ dín kí ìwákiri tó bẹ̀rẹ̀. Ọba fẹ́ ohun tí yóò mú ìlú rẹ̀ tòrò, tàbí ọkọ̀ kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, èyíkéyìí nínú méjèèjì ti tó. Ẹni tó nílò nǹkan ọ̀hún kì í sábàá lọ fúnra rẹ̀, ó máa ń ránṣẹ́ ni. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dùn, torí ẹni tí wọ́n rán kò mọ ọ̀nà.

Àìmọ̀nà yìí gan-an ló ń gbé e rìn. Ká ní Àkàrà-ògùn, ọdẹ tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, mọ ibẹ̀ bí ẹní mọ ọ̀nà odò ni, ìwé Fágúnwà tó jáde ní 1938 yìí ì bá ti parí kó tó gbóná. Ó ti wọ Igbó Irúnmalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ọba tó rán an, síbẹ̀ ó wá ẹgbẹ́ kún ara: Kàkò fún ìjà, Ìmọ̀dóyè fún ọgbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ fún ibi tí kùmọ̀ kò ti ní í wúlò. Akọni tó dá mọ gbogbo nǹkan ṣe kì í pẹ́ sú èèyàn. Nígbà tí wọ́n sì dé Láńgbòdó tán, wọn ò kàn gbé nǹkan lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ Ìràgbèje, ọlọgbọ́n ibẹ̀, ni wọ́n ní kí wọ́n lọ, ọjọ́ méje gbáko ni wọ́n sì fi gbọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ní Ládípọ̀, ọjà páátì ọkọ̀ tó wà ní Muṣin l'Ékòó. Mẹkáníìkì á tú alternator (ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ọkọ̀ níná) tó jóná, á dì í sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, á ní kí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ wá irú rẹ̀ wá. Ọmọ yìí ò ní wulẹ̀ rojọ́, á kàn na nǹkan síwájú. Ọlọ́jà á yí i sọ́tùn-ún sósì, á ka ihò bóòtù, á wo ojú ibi tí wáyà ń wọ̀. "Jókòó síbí, mò ń bọ̀." Kò ní in, ó fẹ́ sáré lọ gbé e ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì kó lè bu owó lé e ni. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ́jà á jókòó. Èyí tó ti wá lẹ́ẹ̀mẹta á rọra tẹ̀ lé e.

Ìtàn máa ń sáré kọjá lórí ìpadàbọ̀, àmọ́ ìdajì iṣẹ́ ló wà níbẹ̀. "Ó jọ ọ́" yàtọ̀ sí "òun ni". Àfìgbà tí wọ́n bá dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí bátìrì ń gba iná, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ìrìn náà ti parí. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ọmọ yóò tún gba Ládípọ̀ lọ láti pààrọ̀ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà sì máa wò ni àmì ọ̀dà tó fi sára páátì lọ́jọ́ tó tà á. Bí àmì bá ti pa rẹ́, kò mọ̀ ọ́n rí nìyẹn.