Mílíìkì kan náà ni, àmọ́ ẹnu ò gbà pé òun ni

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo bá ìyá mi jókòó ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Kútọ̀, níbí l'Ábẹ́òkúta. Próvíṣọ̀n ló ń tà: mílíìkì, ṣúgà, bísíkíìtì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Oníbàárà rẹ̀ kan wọlé, ìyá àgbà tó ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó mọ ọjà. Ó ní kí wọ́n fún òun ní mílíìkì òun. Ìyá mi nawọ́ agolo kan sí i. Ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn, ó gbé e sétí, ó jì í. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló rọra gbé e padà sórí tábìlì bí ẹni gbé ẹyin. "Èyí kọ́. Ẹ fún mi ní tiwa."

Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mílíìkì náà ló pa àwọ̀ àti ìrísí agolo dà. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé nǹkan inú rẹ̀ ò yí padà. Síbẹ̀, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú un dáadáa, àwọn tó sì mú un ń padà wá sọ pé omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń bi mí ní ìbéèrè lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì wádìí rẹ̀. Ohun tí mo rí rèé.

Ìbéèrè: Ṣé adùn rẹ̀ ló yí padà lóòótọ́, àbí àwa la kàn ń sọ bẹ́ẹ̀?

Ẹni tó ní òun tọ́ ọ wò tí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ ò parọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ní òun ò fọwọ́ kan nǹkan kan náà lè má parọ́. Ahọ́n nìkan kọ́ ló ń jẹun. Ojú ti ń jẹ kí oúnjẹ tó kan ẹnu, etí àti ọwọ́ náà sì ń bá wọn pín níbẹ̀. Tójú bá ti rí àwọ̀ kan, ó ti ṣèlérí fún ahọ́n.

Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Louis Cheskin, tó lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tó rí ni pé a kì í ya ìdì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n dì sínú rẹ̀. Èrò tí àpò bá fi sí wa lọ́kàn, oúnjẹ la máa ń gbé e lé lórí. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi 7-Up dán an wò. Wọ́n fi yẹ́lò díẹ̀ kún àwọ̀ ewé tó wà lára agolo, wọn ò fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn tó mu ún ní ọsàn wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ti pọ̀ sí i.

Ní ìparí 2011, Coca-Cola kó agolo funfun jáde ní Amẹ́ríkà fún àsìkò Kérésìmesì, wọ́n ya béárì ilẹ̀ yìnyín sí i lára láti fi kówó jọ fún ààbò ẹranko náà. Kóòkì inú agolo pupa náà ló wà nínú rẹ̀. Àwọn kan yarí pé wọ́n ti ba adùn rẹ̀ jẹ́. Àwọn mìíràn mú un ní ìsọ̀ tí wọ́n rò pé Diet Coke tí kò ní ṣúgà ni, nítorí aláwọ̀ fàdákà ni agolo tìyẹn. Fún ẹni tó ń bá ìtọ̀ ṣúgà yí, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Kí ọdún tó parí, agolo pupa ti padà sórí àtẹ.

Etí ńkọ́? Charles Spence àti Massimiliano Zampini ní Yunifásítì Oxford ní kí àwọn èèyàn jẹ Pringles, ìpékeré ọ̀dùnkún inú paálí gígùn yẹn, kí wọ́n máa gbọ́ ìró rẹ̀ nínú gbohùngbohùn tí wọ́n fi sí wọn létí. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìró náà sókè, àwọn èèyàn á ní èyí ṣì gbẹ dáadáa, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Tí wọ́n bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti rọ̀. 2004 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde. Nígbà tí mo kà á ni mo tó mọyì ìyá àgbà tó ń ji agolo létí. Ohun tó mọ̀ ló ń ṣe.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé èrò ọkàn lásán ni ní gbogbo ìgbà. Ìdì kan wà tó ń fi adùn tirẹ̀ sínú oúnjẹ ní tòótọ́. Ẹ mú mọ́ínmọ́ín tí wọ́n pọ́n sínú ewé eéran, tí ooru iná ti mú òórùn ewé wọ inú rẹ̀, ẹ gbé e ti èyí tí wọ́n dà sínú ọ̀rá. Ẹ̀wà kan náà, ata kan náà, epo kan náà, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ rárá. Ìrẹsì ọ̀fadà tí a ń jẹ láti Ọbáfẹ́mi-Owódé náà ńkọ́? Ẹni tó bá bù ú sínú ike fún mi ti gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ìbéèrè: Orúkọ ṣáà wà lára rẹ̀ gàdàgbà. Kí ló dé tí èèyàn ò fi lè kà á?

Nítorí pé a kì í kàwé lọ́jà. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń rán wa níṣẹ́ lọ́mọdé: "Lọ ra Milo wá, alágolo àwọ̀ ewé yẹn o." Àwọ̀ ni wọ́n fi lé wa lọ́wọ́, àwọ̀ náà la sì mú délé ọkọ, délé ìyàwó. Ojú ẹni tó ń kọjá níwájú àtẹ kò dúró ti lẹ́tà kankan; ó ń wá àmì tó mọ̀ ni. Bí àmì náà ò bá sí níbẹ̀, lójú tirẹ̀, ọjà ti tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Tropicana, omi ọsàn inú paálí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà, nìyẹn. Ọsàn tí wọ́n fi igi ìfamu gún ló wà lára paálí rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2009, PepsiCo tó ni ín nígbà náà yọ ọsàn náà kúrò, wọ́n fi ife omi ọsàn sí i, wọ́n sì dojú orúkọ rẹ̀ kọ òkè. Omi ọsàn náà ò yí padà. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, ọjà tí wọ́n ń tà já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan. Oṣù kejì ò tíì parí tí wọ́n fi kéde pé ọsàn onígi ìfamu ń padà bọ̀. Àwọn kan bínú lóòótọ́, wọ́n kọ lẹ́tà. Àmọ́ ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ò bínú rárá. Wọn ò rí i ni, wọ́n sì mú òmíràn lọ sílé.

Coca-Cola ti mọ èyí láti ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n ń wá ìgò tuntun ní 1915, ohun tí wọ́n ní kí àwọn onígò ṣe fún wọn ni ìgò tí èèyàn á fọwọ́ bà nínú òkùnkùn tí á sì mọ̀ ọ́n, tàbí tó bá fọ́ sílẹ̀ pàápàá, àfọ́kù rẹ̀ á jẹ́rìí. Ilé-iṣẹ́ Root Glass ní ìpínlẹ̀ Indiana ló yege. Ẹni tó bá ti ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò ní Láfẹ́ńwá nígbà tí wọ́n mú iná lọ mọ ìwúlò ìgò náà.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe pé a kàn ń fura jù?

Rárá. Ojú wa ti rí nǹkan.

Láti 2001 tí olóògbé Dora Akunyili ti gba àkóso NAFDAC ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé ká yẹ ọjà wò kó tó wọ ẹnu: ká wá nọ́ńbà, ká wo déètì, ká sá fún ìdì tó bá yàtọ̀ sí èyí tá a mọ̀. A gbọ́ràn. Ó wá di ojoojúmọ́ fún wa pé ìdì tó bá yàtọ̀, ayédèrú ni títí yóò fi jẹ́rìí ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá pààrọ̀ agolo lóru tí kò wí fún ẹnikẹ́ni, kó má ṣe bínú sí ìyá tó dá a padà.

Ìdí kejì ló dùn mí jù. Ìdì tuntun ni ọ̀nà tí wọ́n fi ń dín ọjà kù. Ní 2016, wọ́n mú àlàfo àárín òkè Toblerone, ṣokoléètì tó rí bí òkè tó tò tẹ̀ léra, gbòòrò ní Ìlú Ọba. Èyí tó jẹ́ 400 gíráàmù di 360, èyí tó jẹ́ 170 di 150. Ariwo pọ̀, ó di 2018 kí wọ́n tó dá ìrísí rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò 400 tó di 360 yẹn bíi mílíìkì tí iye owó rẹ̀ ò yí padà: 40 gíráàmù ló lọ nínú agolo kan. Tẹ́ ẹ bá ra mẹ́wàá, 400 ló lọ. Odidi agolo kan lẹ sanwó rẹ̀ tí ẹ ò gbé délé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà jẹ nínú rẹ̀. Bísíkíìtì kan ló ń kó fún àwọn ọmọ iléèwé ní Aṣérò. Ọ̀rá rẹ̀ di tuntun, ó ń dán, ó rẹwà. Ẹyọ méjì ti dín nínú rẹ̀, ibì kankan ò sì sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni àwọn ọmọ náà pè ní olè. Ọmọ ọdún méje ò mọ ilé-iṣẹ́; ojú ẹni tó tà á fún un ló mọ̀. Ó ṣì ń dùn ún di òní.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọn ò fi í jẹ́ kó wà bó ṣe wà?

Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ tuntun ni wọ́n rà, tàbí kí iye owó páànù àti ike ti gòkè. Nígbà mìíràn, àwọn ayédèrú ti rí èyí ti tẹ́lẹ̀ ṣe, wọ́n sì fẹ́ sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwọ̀nyí tọ́. Ohun tí kò tọ́ ni kí wọ́n má sọ fún wa. Kí wọ́n kó ti àtijọ́ àti tuntun sórí àtẹ pọ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, kí wọ́n ya àwòrán ti àtijọ́ sára tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún òǹtajà, nítorí òun ni wọ́n á bi.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé òun náà ni?

Ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀, ẹ wá ìwọ̀n: gíráàmù tàbí sẹ̃ńtílítà. Ìyẹn ló ń sọ̀rọ̀ jù lára agolo. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé-iṣẹ́, déètì tí wọ́n ṣe é àti èyí tó máa bà jẹ́. Tí ti àtijọ́ bá ṣì wà nílé, kódà kó ṣófo, ẹ gbé e lọ sọ́jà, ẹ fi wọ́n wéra. Tó bá jẹ́ adùn ni ẹ ń fura sí, ẹ dà wọ́n sínú ife méjì tó jọra, kí ẹlòmíràn gbé e fún yín, kí ẹ má mọ èwo ni èwo.

Ohun tí ìyá mi ṣe fún ìyá àgbà yẹn nìyẹn lọ́jọ́ tó padà wá. Ó pò mílíìkì sínú ife méjì lẹ́yìn káńtà. Ìyá àgbà tọ́ ọ wò, ó tún tọ́ ọ wò, ó ní wọn ò yàtọ̀. Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó wá gbé agolo tuntun náà dání, ó fi ìka mẹ́ta wọn ẹnu rẹ̀.

"Ẹ̀pà ni mò ń tà ní Sápọ́n," ló wí fún mi. "Agolo mílíìkì yìí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti dógùn-ún, mo máa ń mú òmíràn. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́. Tí mo bá gbé e jáde lọ́la, àwọn oníbàárà tèmi náà á ní mo ti dín in kù."

Mo rántí dẹ́ríkà tí a fi ń wọn ìrẹsì, tó jẹ́ agolo tòmátò De Rica ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wá abẹ́ tábìlì, ó rí ti àtijọ́ méjì tó kù. Ìyá àgbà ra méjèèjì. Ó wá ra tuntun kan mọ́ ọn, ó ní ìyẹn lòun á fi po tíì.